Résìn tí mo pò rú èéfín nínú ike, èkejì kọ̀ kò gbẹ: níbo ni mo ti ṣì í?

ỌmọBàrígà

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin àgbà, ẹ kú oòrùn yìí. Ẹ gbà mí o, gúlúù fẹ́ da orí mi rú.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lẹ́yìnkùlé wa ní Bàríga, fíìtì 14 ni, pláíwúùdù la fi ń kàn án, kì í ṣe pákó tí wọ́n là bíi tàwọn ará Màkókò. A ti gé gbogbo ègé ẹ̀, a dá ihò wẹ́wẹ́ sí etí wọn, a wá fi wáyà kọ́pà tá a bó lára wáyà iná àlòkù rán wọn pọ̀ bí ẹni ń rán ṣòkòtò. Ó ti ń jọ ọkọ̀ gan-an, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń wọ inú ẹ̀ lọ jókòó. Ohun tó kù ni ká fi gúlúù résìn dí ojú rírán yẹn látinú, ká sì fi gúlúù kan náà so pláíwúùdù méjì pọ̀ níbi tí gígùn ò tó, torí fíìtì 8 péré ni pláíwúùdù kan.

Mo mọ iṣẹ́ fáíbà díẹ̀, mo ti bá ọ̀gá kan ṣe táńkì omi àti bọ́ńpà mọ́tò rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èèyàn á da résìn, á kán kátálíìsì, oògùn tó ń mú un gan, ìyẹn kó le, sí i, tó bá ń pẹ́ kó tó gan á tún kán díẹ̀ sí i, ó parí. Wọ́n wá ní fún pákó, ípọ́kísì, irú résìn mìíràn, ló dáa, mo lọ rà á. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni wọ́n gbé fún mi, ńlá kan tó jẹ́ résìn, kékeré kan tó jẹ́ hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè gan, kò sí lébẹ̀ẹ́lì lára ìkankan, ẹni tó tà á ní kí n ṣá máa fojú wọ̀n ọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀sán gangan ni. Mo da bíi lítà kan sínú ike áísìkiriìmù, mo da hádínà sí i, mo rò ó, mo ní kí n lọ mú búrọ́ọ̀ṣì wá. Kí n tó dé, ike ti ń rọ̀, èéfín ń jáde, ó ń hó kùtùkùtù bí ẹ̀wà orí iná. Ìyá wa ló figbe bọnu pé ṣé mo fẹ́ sun ilé mọ́ wọn lórí ni. Ẹ̀rù wá bà mí, lọ́jọ́ kejì mo dín hádínà kù dáadáa, mo da sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì tí mo kó níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Oko Bàbá sí i kó lè ki, mo fi lẹ pláíwúùdù. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ṣé hádínà ni kí n tún fi kún un àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Owó tí mo ná lórí ẹ̀ ò kéré o.

TaniMọ̀Ọ̀la

Àkọ́kọ́ o sè é jóná, èkejì o ò sè é jinná. Má sọ fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ o 😂

BàbáỌkọ̀_ẸbútèMẹ́ta

Àbúrò, kú ewu iná. Má tíì bú ẹni tó tà á fún ẹ lórí pé ayédèrú ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ̀bi ti pé ó ní kó o máa fojú wọ̀n ọ́n, ìyẹn ò dáa rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: o fi ọwọ́ fáíbà po ípọ́kísì. Èmi náà, ìdí fáíbà ni mo ti bọ́ síbẹ̀, mo sì ba nǹkan jẹ́ ju báyìí lọ kí n tó gbọ́n.

Wò ó. Résìn fáíbà yẹn, póliẹ́sítà ni. Gbogbo ohun tó máa fi gan ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kátálíìsì kàn ń jí i ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 1 tàbí 2 nínú 100 ti tó, o sì lè fi kún un tàbí kó o dín in kù bí iyọ̀ ọbẹ̀. Hádínà ípọ́kísì kì í ṣe iyọ̀. Ara gúlúù ni òun fúnra ẹ̀. Ńṣe ni résìn àti hádínà ń di ara wọn lọ́wọ́ mú ẹyọ kan sí ẹyọ kan, èyí tí ò bá rí ẹnì kejì dì mú, bóyá résìn ló pọ̀ jù ni o, bóyá hádínà ni, á ṣẹ́ kù sínú ẹ̀ láì ṣe nǹkan kan, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Tó o bá dá a dúró di ọdún tó ń bọ̀, kò ní gbẹ. Tó o bá sì da hádínà lé èyí tó wà lára pákó báyìí, iṣẹ́ lo fi kún iṣẹ́. Ha á kúrò.

Pa dà lọ bá ẹni tó tà á, kó sọ iye résìn sí iye hádínà fún ẹ, kó fi ìwé ẹ̀ hàn ẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ 1 sí 1, òmíràn 2 sí 1, òmíràn 5 sí 1, ojú lásán ò lè fi wọ́n mọ̀. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, gba owó ẹ. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ra sírínjì ńlá méjì tí ò ní abẹ́rẹ́, ọ̀kan fún résìn, ọ̀kan fún hádínà, má sì ṣe pààrọ̀ wọn láéláé, torí ẹ̀kán kékeré tó bá ṣẹ́ kù nínú èyí tó o pààrọ̀ á gan pa.

Ti èéfín yẹn, ike jíjìn ló fà á. Ooru ni wọ́n ń mú jáde bí wọ́n bá ṣe ń di ara wọn mú, ike jíjìn ò jẹ́ kí ooru yẹn rí ọ̀nà jáde, ooru yẹn á tún máa lé wọn sáré sí i, bó ṣe ń yára ló ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ló ń yára. Lítà kan lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́sàn-án, ní Èkó! Èmi kì í po ju ohun tí ife tíì kékeré kan gbà lọ, bí mo bá sì ti rò ó tán, mo máa ń dà á sínú tíréè pẹrẹsẹ, ìdérí ike náà dáa, kó tẹ́, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ìyẹn nìkan á fún ẹ láyè tó ìlọ́po méjì.

Bá a ṣe ń pò ó nìyí. Da résìn, da hádínà, rò ó pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tó o gé orí ẹ̀ gígún, kì í ṣe igi roboto, torí igi roboto ò lè ha kọ̀rọ̀ ike. Ìṣẹ́jú méjì gbáko, ha ara ike, ha ìdí ẹ̀, ha igi fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà dà á sínú ike mìíràn tó mọ́, tún rò ó díẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara ike àkọ́kọ́, èyí tí ò pò dáadáa, fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kò tíì kan ìyẹ̀fun, irú sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì tá a fi ń mú gúlúù ki, o. Ọ̀pọ̀ ló máa ń da ìyẹ̀fun sínú résìn kí wọ́n tó da hádínà sí i, ìyẹn ò dáa, tó bá ti ki, hádínà ò ní rìn dé gbogbo ibi.

Kó tó di pé o fi ìyẹ̀fun sí i, mú búrọ́ọ̀ṣì, fi èyí tó ṣì ń ṣàn yẹn kun ojú pákó méjèèjì tó o fẹ́ lẹ̀ pọ̀. Etí pláíwúùdù máa ń mu bí ẹni òǹgbẹ ń gbẹ, á mu ún, tún kùn ún, títí á fi máa dán. Ibi tí mo ti jìyà nìyí. Ọkọ̀ kan tí mo kàn fún oníbàárà, gúlúù kíki ni mo kàn fi lé pákó gbígbẹ, mo wá fi kíláàmpù dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fún gàrí. Pákó fa gbogbo résìn inú ẹ̀ mu, kíláàmpù fún ìyókù dànù, ohun tó ṣẹ́ kù láàárín ò ju ìyẹ̀fun lásán lọ. Oṣù kejì, ojú ẹ̀ là gbàrà lórí ọ̀sà, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò jìnnà sí etí omi. Látìgbà náà, kíláàmpù mi, tí mo bá ti rí i tí gúlúù díẹ̀ yọ ìlà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ojú ìlẹ̀pọ̀, mo ti dá ọwọ́ dúró.

Báwo ló ṣe yẹ kó ki? Fún pláíwúùdù méjì tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, kó dà bí ògì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, tó o bá gbé igi sókè kó máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún ojú rírán inú ọkọ̀, níbi tó jẹ́ pé kọ̀rọ̀ lo fẹ́ kún, kó dà bí ẹ̀pà lílọ̀: gbé igi sókè kó dúró, kó má jábọ́, kí orí ẹ̀ ṣe ṣónṣó kí ṣónṣó náà má sì tẹ̀. Tó bá ń fà bí ilá, kò tíì tó, á ṣàn lọ sísàlẹ̀ tó o bá yí ẹ̀yìn padà.

Ẹlẹ́jaÌlàjẹ

Ẹ̀yin ẹ máa bá òyìnbó lọ o. Kí ni póliẹ́sítà tí gbogbo ayé ń lò ṣe? Owó kẹ́ẹ̀gì ípọ́kísì kan, póliẹ́sítà mélòó ni màá fi rà? Ọkọ̀ Mirror tí àwọn ará Ìlú Ọba gbé jáde ní 1963, ẹ lọ wò ó, pláíwúùdù ni, wáyà kọ́pà ni wọ́n fi rán an bí ti ọmọ Bàríga yìí gẹ́lẹ́, póliẹ́sítà àti téèpù fáíbà ni wọ́n fi dí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ ni wọ́n kàn. Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yẹn.

Àdúkẹ́_Kẹ́mísìrì

Bọ̀dá Ẹlẹ́ja, òótọ́ lẹ sọ nípa Mirror o, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọkọ̀ eré ìdárayá nìyẹn, wọ́n wọ̀ ọ́ tán wọ́n gbé e kúrò lómi, ó wọ ilé lọ gbẹ. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń pẹja, tọ̀sán tòru ló wà nínú ọ̀sà. Póliẹ́sítà máa ń súnkì bó bá ṣe ń gan, kì í sì í di pákó mú bíi ípọ́kísì, tí omi bá ti rí ọ̀nà wọ inú pákó, téèpù yẹn á ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin náà á ti rí i rí. Fún táńkì, fún ọkọ̀ tó jẹ́ fáíbà látòkè délẹ̀, póliẹ́sítà dáa, ó sì dín ìnáwó kù. Fún gúlúù pákó sí pákó, mi ò ní lò ó.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ póliẹ́sítà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ra kóbọ́ọ̀tì, èyí tó ń mú kí póliẹ́sítà tètè gan, àti kátálíìsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀ tààrà o. Ó lè bú gbàmù. Kóbọ́ọ̀tì wọnú résìn kọ́kọ́, ẹ rò ó, kí kátálíìsì tó tẹ̀ lé e.

ỌmọBàrígà, Bàbá ti sọ èyí tó pọ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ bèèrè dáadáa bóyá iye sí iye yẹn jẹ́ ti ìwọ̀n omi tàbí ti síkéèlì, torí résìn wúwo ju hádínà lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 2 sí 1 ni lórí sírínjì, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí síkéèlì, kì í ṣe gíráàmù 50 hádínà ló máa bá gíráàmù 100 résìn lọ, ó lè jẹ́ bíi 42 sí 45, ìwé tó bá a wá ló máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ gúlúù tí ò gbẹ, ibẹ̀ ló ti ṣì.

Àkókò tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì pé gúlúù á fi wà lọ́wọ́ yín, díígírì 25 ni wọ́n sábà máa ń fi dán an wò. Ọ̀sán Èkó ń lọ sí 32, 33. Tí ooru bá fi díígírì 10 lé, àkókò yẹn á dín kù sí bí ìdajì. Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ sàn ju àárọ̀ lọ, torí láàárọ̀, bí oòrùn bá ṣe ń mú pákó gbóná, afẹ́fẹ́ inú pákó á máa wú, á máa ti gúlúù jáde, ẹ ó kàn rí i tó ń yọ èéhó. Nírọ̀lẹ́ pákó ń tutù, ńṣe ló ń fa gúlúù sínú.

Sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì Oko Bàbá yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Etí omi ni, pákó tútù ni wọ́n ń là, ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó, ẹ ó rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ra. Omi inú ẹ̀ á ba gúlúù jẹ́, ó tún rí wúruwùru bíi gàrí tí wọn ò sẹ́. Èyí tó ń jáde lára sáńpépà tí wọ́n fi ń ha pákó gbígbẹ lẹ fẹ́, èyí tó dà bí àtíkè, ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ kó o sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dì í. Tẹ́ ẹ bá rí sílíkà, ìyẹ̀fun funfun tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ yẹn, ẹ po díẹ̀ mọ́ ti igi, á jẹ́ kó dúró lára ògiri láì ṣàn. Ẹ fi nǹkan bo imú o, sílíkà yẹn máa ń fò káàkiri, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ìyẹ̀fun bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tún ojú ọkọ̀ ṣe kó tó di pé wọ́n kùn ún lọ́dà, ẹ má fi lẹ pákó, kò lágbára. Mo sì ti gbọ́ ẹni tó lo èlùbọ́. Ẹ jọ̀ọ́.

Nǹkan kan tí gbogbo yín ò tíì sọ: ọwọ́ yín. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù. Hádínà yẹn, ó lè má ṣe yín nǹkan kan fún ọdún kan, ó kàn lè di ọjọ́ kan kí ara máa yún yín, kí ọwọ́ ó wú, láti ọjọ́ yẹn ẹ ò tún ní lè sún mọ́ ọn mọ́. Tó bá ta sí yín lára, ọṣẹ àti omi, kì í ṣe tínà. Tínà á kàn bá a wọlé sára ni.

ỌmọBàrígà

Ẹ ṣé gan-an o Bàbá, ẹ ṣé Àǹtí Àdúkẹ́. Ọwọ́ mi ti ń yún láti ìjẹta, ẹ̀fọn ni mo rò.

Mo ti pa dà lọ bá wọn, lẹ́yìn ariwo díẹ̀ wọ́n mú ìwé jáde, 2 sí 1 ni, ti ìwọ̀n omi. Èyí tí mo pò lẹ́ẹ̀kejì yẹn, mi ò rò pé ó tó 6 sí 1. Ìbéèrè méjì ló kù. Èyí tó ń lẹ̀ lára pákó yẹn, kí ni mo fi máa yọ ọ́? Ìkejì, máríìnì bọ́ọ̀dù ni pláíwúùdù wa, èyí tí ojú ẹ̀ pupa tó ń dán, tí àwọn bírísíìkílà ń fi dé kọnkéré. Ṣé gúlúù tiẹ̀ á di ojú dídán yẹn mú?

BàbáỌkọ̀_ẸbútèMẹ́ta

Haa. O ò bá ti kọ́kọ́ sọ èyí. Orúkọ ló ń jẹ́ máríìnì bọ́ọ̀dù o, pátákó kọnkéré ni. Ike tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀ yẹn, ohun tí wọ́n fi sí i fún ni pé kí kọnkéré má lẹ̀ mọ́ ọn, o wá fẹ́ kí gúlúù lẹ̀ mọ́ ọn! Gbogbo ibi tí gúlúù máa dé, fi sáńpépà nọ́ńbà 60 tàbí 80 ha á títí wà á rí igi, igi gangan, kì í ṣe ibi tí dídán ẹ̀ kàn kú. Kó o sì wo inú etí ẹ̀ níbi tó o gé, tó bá ní àlàfo láàárín àwọn ìpele ẹ̀, fi gúlúù kíki kún un. Tó o bá tún fẹ́ mọ̀ bóyá gúlúù tí wọ́n fi lẹ àwọn ìpele yẹn pọ̀ á fàyà rán omi, sè ègé kékeré kan nínú ìkòkò fún wákàtí mélòó kan, kó o gbẹ ẹ́, tó bá ṣí bí ìwé, má gbé e lọ sórí ọ̀sà.

Èyí tó ń lẹ̀, fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà ha á, bó bá ṣe lè kúrò tó, ìyókù fi aṣọ tó o rẹ sínú fínígà funfun nù ún, fi omi nù ún tẹ̀ lé e, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó o tó fi sáńpépà ha ojú igi. Iṣẹ́ wà ńbẹ̀, kú ọwọ́ lómi.

Má gbàgbé, lẹ́yìn tí gúlúù tuntun bá gan tán, tó o bá fọwọ́ kan ojú ẹ̀ tó ń yọ̀ bíi pé ẹnì kan fi àbẹ́là pa á, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò gbẹ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa ló fà á. Omi lásán àti kànìnkànìn ló ń fọ̀ ọ́, kó o tó fi sáńpépà kàn án, torí sáńpépà á kàn fi pa á wọnú ni. Ọ̀dà kì í dúró lórí nǹkan yẹn.

Ẹlẹ́jaÌlàjẹ

Ẹ̀yin ẹ ti sọ ọ́ di ilé ìwé gíga. Àmọ́ ọ̀rọ̀ máríìnì bọ́ọ̀dù yẹn, òótọ́ ni, mo ti rí ọkọ̀ tó ṣí bí ìwé.

ỌmọBàrígà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣe é.

Mo ha gbogbo ẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko, ọwọ́ fẹ́ bọ́. Kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ lẹ ègé pláíwúùdù méjì pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, ife tíì kan péré, sírínjì 20 résìn, 10 hádínà, mo ń ka ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ó mu ún, mo tún kùn ún, mo wá da ìyẹ̀fun tí mo ti sẹ́ sí ìyókù, ó ki, ṣónṣó ẹ̀ dúró ṣinṣin. Nígbà tó kan ọkọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló wá mú ọgbọ́n kan wá: ó kó gúlúù sínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó mọ́ tó sì gbẹ, ó fi síṣọ̀ gé igun ẹ̀ kan fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fún un jáde sí kọ̀rọ̀ bí ẹni ń fún kírímù sórí kéèkì. Kò sí èyí tó ta sílẹ̀. A wá fi ìdérí ike tá a gé yípo fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó dán bíi ti ẹ̀rọ.

Ti ègé méjì tí mo fi dán an wò yẹn, láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo gbé e, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, mo fi òòlù lu ìkejì. Igi ló ya. Gúlúù wà níbi tó wà, awọ pláíwúùdù wà lára ẹ̀.

Ìyá wa wá wò ó, wọ́n ní ṣé ohun tí mo sè lọ́jọ́ yẹn náà nìyí. Ìbéèrè ìkẹyìn, wáyà kọ́pà tí gúlúù ti bo mọ́lẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé ká fi sílẹ̀?

BàbáỌkọ̀_ẸbútèMẹ́ta

Kú iṣẹ́ ọmọ mi. Tó o bá tún máa kan òmíràn, gúlúù díẹ̀díẹ̀ láàárín wáyà sí wáyà lo máa kọ́kọ́ fi sí i, jẹ́ kó gan, yọ wáyà, kó o tó wá kún kọ̀rọ̀ tán. Èyí tó ti bò mọ́lẹ̀ báyìí, di orí ẹ̀ mú pẹ̀lú páyàsì, fi ayọ́ọ̀nù tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà pọ̀ kan wáyà yẹn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gúlúù á rọ̀ yí i ká, fà á. Èyí tó bá kọ̀, gé e mọ́ ojú pákó, ha á kó dọ́gba, kọ́pà kì í dípẹtà bí irin. Lẹ́yìn náà ni téèpù fáíbà, kó o sì wá ọ̀dà kùn ún lóde, torí oòrùn máa ń jẹ ípọ́kísì tí ò wọṣọ.